Ẹyẹ tó ń jẹ́ Ìbàdàn

Àwọn Òyìnbó ní ìgbà ìrúwé tiwọn lẹ́yìn òtútù. Tiwa ni àkọ́rọ̀ òjò, láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin. Ìgbà yẹn gan-an ló dára láti tẹ̀ lé amọ̀nà wọ igbó.

Igbó tí mo máa ń júwe fún ènìyàn ni ti IITA, lẹ́yìn Òjóò. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn náà sílẹ̀. Igbó tí wọ́n dá sí níbẹ̀ tó nǹkan bíi hẹ́kítà 350.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lákòókò àkọ́rọ̀? Òjò á rọ̀, ilẹ̀ á dẹ̀, èsúnsún á tú jáde. Bí kòkòrò bá ti pọ̀, oúnjẹ ọmọ ẹyẹ dé nìyẹn, ọ̀pọ̀ ẹyẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìtẹ́. Àràbà tó wọ́wé lọ́gbẹlẹ̀ á ti máa rú tuntun.

Amọ̀nà á ní kí ẹ wòkè. Ẹyẹ dúdú kan wà tí akọ rẹ̀ pupa lórí àti láyà. *Malimbus ibadanensis* ni orúkọ tí J. H. Elgood, onímọ̀ nípa ẹranko ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, sọ ọ́ lọ́dún 1958. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló ń gbé ní gbogbo ayé. Ìbátan ẹ̀gà ni. Ṣebí ẹ̀gà fẹ́ràn wóró ọkà, ó sì ń bá wa gbé láàárín ìlú? Kòkòrò orí igi ni èyí ń jẹ ní tirẹ̀. Bí igi bá tán, ó parí fún un.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan iṣẹ́ tèmi. Orúkọ kì í dá dúró. Ohun tó ń jẹ́ ẹ ló ń gbé e ró. Ẹ wo akòko: ọmọ Ìbàdàn ṣì mọ̀ ọ́n, torí ewé rẹ̀ la fi ń joyè. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ń wọ mọ́tò ní Ìdí-Arère, nítòsí wa ní Kúdẹtì níbí, bí igi arère ṣe rí. Púpọ̀ nínú wọn ò lè sọ. Igi ti lọ, ọ̀rọ̀ kù bí èèpo. Bẹ́ẹ̀ náà ló lè rí fún ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa.

Torí náà, bí ẹ bá ń lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọmọ dání. Amọ̀nà á sọ orúkọ Látìn. Kí ẹ̀yin sọ ti Yorùbá: arère, ìrókò, àràbà. Kí ọmọ náà fọwọ́ kan igi bí ẹ ti ń pè é.