Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Rí Èrò Tí Alásọ̀yé Kò Sọ Jáde

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí; bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ọgbọ́n àgbà nìyí, ṣùgbọ́n nínú yàrá ìdánwò, ìwà yìí kan náà ló ń gbé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣubú. Ọkàn wọn ti sọ àbọ̀ di odindi kí ojú wọn tó rí ohun tó ṣẹ́ kù.

LSAT ni ìdánwò tí ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ amòfin ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ń ṣe. Ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, méjì nínú ìpín mẹ́ta tí wọ́n ń fún ní máàkì ló dá lórí ìrònú. Ìdáhùn márùn-ún ló máa ń wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Lára àwọn ìbéèrè náà ni èyí tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá èrò tí alásọ̀yé gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kà, ṣùgbọ́n tí kò sọ jáde.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: “Wọ́n gbẹ́ kànga tuntun ní abúlé kan. Lẹ́yìn náà, àrùn onígbáméjì dín kù níbẹ̀. Nítorí náà, omi kànga yìí ló dín àrùn náà kù.” Gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀rí, ìkẹta ni ìparí ọ̀rọ̀. Àlàfo wà láàárín wọn. Kí ni afárá tó so wọ́n pọ̀?

Ọ̀nà tó dára jù láti mọ̀ ọ́n ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ yí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sí òdìkejì. Bí ọ̀kan bá ní, “Àwọn ará abúlé ń lo omi kànga náà,” òdìkejì rẹ̀ ni pé wọn kò lò ó rárá. Lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ alásọ̀yé wó lulẹ̀. Ìdáhùn tí wọ́n ń wá nìyẹn. Bí òmíràn bá ní, “Omi kànga nìkan ló lè dín onígbáméjì kù níbi gbogbo,” òdìkejì rẹ̀ ni pé nǹkan mìíràn lè dín in kù níbòmíràn. Ọ̀rọ̀ abúlé yìí ṣì dúró. Pańpẹ́ ni irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀: ó ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà lè dúró láìsí i.

Èyí kọjá ọ̀rọ̀ máàkì. Amòfin tí kò fura sí ohun tí ẹlẹ́rìí fò dá lè jẹ́ kí aláìṣẹ̀ dèrò ẹ̀wọ̀n. Kí ènìyàn tó sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ di odindi, ó yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tó fi ìyókù kún un.