Àlejò Ní Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ọlọ́run

Kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí ojú tuntun kì í wọ ilé ìjọsìn ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó. Láti ìgbà tí Àkúrẹ́ ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa ní ọdún 1976 ni ìjọba ti ń gbé òṣìṣẹ́ wá síbẹ̀. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ń kó akẹ́kọ̀ọ́ wọ Àkúrẹ́ lọ́dọọdún, ti Ìmọ̀ Ìṣègùn sì ń kó wọn wọ Oǹdó. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè má rí ìjọ tirẹ̀ nítòsí. Èyí tí ó rí ni yóò yà sí.

Ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ ìṣe ilé tí ó ń lọ. Nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù, èyí tí Mósè Orímọládé ọmọ Ìkàrẹ́ dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1925, ẹnu ọ̀nà ni a ti ń bọ́ bàtà. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ìjọ Sẹ̀lẹ́, níbi tí ọkùnrin àti obìnrin kì í ti í jókòó pọ̀. Kí obìnrin mú gèlè tàbí ìborùn dání. Nínú ìjọ Àgùdà, àlejò yóò rí i tí àwọn ènìyàn ń ti ìka bọ omi mímọ́, tí wọ́n sì ń kúnlẹ̀ lórí eékún kan kí wọ́n tó jókòó. A kò fi èyí di dandan fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń tò láti gba Ara Kristi, kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ náà jókòó jẹ́ẹ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí nǹkan bá rú u lójú, kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èyí tí ó dùn wá jù kì í ṣe ti àlejò. Ní ọjọ́ kan ní Àkúrẹ́, a jókòó nínú ìjọ kan tí a kò ní dárúkọ. Orin àkọ́kọ́ kò tíì parí tí ìyá kan fi fọwọ́ kàn wá: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹgbẹ́ wa ló ni ìjókòó yìí.” A dìde. Wọ́n tún gbé wa dìde lẹ́ẹ̀kejì, títí a fi bá ara wa lẹ́yìn òpó. Ẹnikẹ́ni kò tún bá wa sọ̀rọ̀ mọ́, àfi ìgbà tí ọrẹ ọpẹ́ dé tí wọ́n pe gbogbo àlejò síwájú pẹ̀lú owó wọn. (A mú un lọ o; ojú ń tì wá.)

Ọ̀rọ̀ yìí tún le sí i láti ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, nígbà tí àwọn agbébọn ya wọ ìjọ Àgùdà ti Francis Xavier Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, tí wọ́n sì pa ènìyàn tí ó tó ogójì. Ọ̀wọ̀ kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìjọ ti ń yẹ àpò wò lẹ́nu géètì, a kò sì lè bá wọn wí. Kí àlejò tètè dé, kí ó má gbé ẹrù ńlá, kí ó sì sọ ibi tí ó ti wá láìbínú. Àwa bẹ àwọn ẹ̀ṣọ́ pé kí “Ẹ káàbọ̀” ṣáájú “Kí ló wà nínú àpò yín?”, kí ìyá tàbí bàbá ìjọ kan sì máa bá wọn dúró, ẹni tí yóò mú àlejò dé ìjókòó. Charles Phillips pàápàá, àjèjì ni nígbà tí ó dé Oǹdó ní ọdún 1877 gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ CMS, kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1893.

Ní Oǹdó yìí kan náà, ní oṣù tí ó tẹ̀lé ti Àkúrẹ́, a wọ ìjọ kékeré kan. Bàbá arúgbó kan sún fún wa, ó ṣí ìwé orin rẹ̀ tí ó ti gbó, ó fi ìka tọ́ka sí ẹsẹ tí wọ́n dé, àwa méjèèjì sì jọ ń wò ó. Lẹ́yìn ìsìn ni ó tó béèrè orúkọ wa. Ó sìn wá dé ibi tí a ó ti wọ ọkọ̀, ó ní: “Lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, ẹ má jókòó sẹ́yìn mọ́ o.”