Ta Ni Yóò Dúró Ti Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Wà Nínú Wàhálà?

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá dákú ní gbọ̀ngàn ìdánwò ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo, tàbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹlòmíì ní Yunifásítì Iléṣà, a máa ń rò pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára jù ni yóò kọ́kọ́ ṣèrànwọ́. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àyà rẹ̀ já jù lè jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sá kúrò níbẹ̀, nítorí pé ìdààmú tirẹ̀ ló ń wá oògùn fún. C. Daniel Batson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Kansas, Amẹ́ríkà, dán èyí wò nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1981. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa wo obìnrin kan, Elaine, tó ń ṣe bí ẹni tí iná mànàmáná ń gbé, wọ́n sì bi wọ́n bóyá wọ́n lè gba ipò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí àánú rẹ̀ ṣe ló gbà, kódà nígbà tí àyè wà fún wọn láti máa lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí jìnnìjìnnì bò bá tiwọn lọ ní kété tí àyè yọ. Nancy Eisenberg, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, ló wá fi ìkóra-ẹni-níjàánu ṣàlàyé rẹ̀: ẹni tó lè fi ara rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ máa ń ráyè ro ti ẹlòmíì.

Ẹnìkan lè ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ á di ọlọ́kàn líle. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹ wo òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà tó máa ń tajà láwìn láyé àtijọ́: bí onígbèsè bá fẹ̀jẹ̀ sunkún, yóò lóṣòó títí owó yóò fi pé. Ìkóra-ẹni-níjàánu ni ìyẹn náà, àmọ́ kì í ṣe ìrànlọ́wọ́. Àwọn olùwádìí Daryl Cameron àti Keith Payne rí ohun tó jọ ọ́ ní 2011: lára àwọn tó mọ ìmọ̀lára wọn í darí, àánú ọmọ mẹ́jọ láti Darfur ní orílẹ̀-èdè Sudan kò ṣe wọ́n tó ti ọmọ kan ṣoṣo. Àlàyé wọn ni pé ẹni tó bá ti rí i pé àánú máa ná òun ní nǹkan púpọ̀ máa ń pa á kó tó ràn. Èmi kò bá akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi gàrí ti ọjọ́ wí lórí ìyẹn. Ìbàlẹ̀ ọkàn ń ṣí ilẹ̀kùn ni, kò sọ iye tó wà lápò.

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá ń bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́, ẹ má kó ìṣòro gbogbo ayé síwájú àwọn ọmọ. Ẹ dárúkọ ohun kan tí apá wọn ká: kí wọ́n yá akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú wàhálà náà ní ìwé, kí wọ́n tẹ̀ lé e dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n dá ẹgbẹ̀rún náírà kan.