Níbo Ni Agbára Inú Àgbàdo Ń Gbà Lọ?

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí agbára: bí ó ṣe ń wọ inú oko àti ibi tí ó ń gbà lọ.

Oòrùn ni orísun rẹ̀. Ewé ló ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, tí ó ń fi í se oúnjẹ láti inú omi tí gbòǹgbò fà àti afẹ́fẹ́ tó yí i ká. Nínú ìdá 100 ìmọ́lẹ̀ tó tàn sórí oko àgbàdo, ó ṣòro kí ó tó ìdá 2 tí yóò dúró sínú igi àti ọmọ rẹ̀ títí di ìkórè. Díẹ̀ yẹn ni ènìyàn, ẹran àti ekòló jọ ń pín jẹ.

Bí adìyẹ bá jẹ àgbàdo, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń di ẹran. Ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ wò. Bí ara wa bá le, ìgbóná rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ìwọ̀n 37 lọ. Ti adìyẹ ń lọ sí 41. Àgbàdo yín ló ń jó níbẹ̀ bí igi ìdáná. Òmíràn bá ìrìn àti mímí lọ, òmíràn bá ìgbẹ́ jáde. Adìyẹ òyìnbó ń jẹ nǹkan bí kìlò 2 oúnjẹ gbígbẹ kí ó tó fi kìlò 1 kún ara, omi ló sì pọ̀ jù nínú kìlò 1 yẹn.

Raymond Lindeman, ará Amẹ́ríkà, ṣe irú ìṣirò yìí lórí adágún kan ní Minnesota, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1942. Àwọn onímọ̀ tó tẹ̀lé e sọ pé nínú igbó tàbí odò, nǹkan bí ìdá 1 nínú 10 agbára ló ń ti ara ohun tí a jẹ bọ́ sí ara ẹni tó jẹ ẹ́. Ó lè dín, ó lè lé. Ìdí nìyí tí tata fi pọ̀ rẹpẹtẹ nínú koríko, tí àwòdì fi jẹ́ ẹyọ kan lókè. Bí ẹ bá da ìgbẹ́ adìyẹ sóko, ọ̀rá ilẹ̀ ń padà. Ooru tó ti jáde lára rẹ̀ kì í padà mọ́.

Ẹgbẹ́ kan tí mo ń bẹ̀ wò kó gbogbo àgbàdo wọn fún adìyẹ lọ́dún kan. Nígbà tó di oṣù kẹrin, owó gọbọi ni wọ́n fi ń ra àgbàdo tí ilé wọn máa jẹ. Bẹ́ẹ̀ òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, wọ́n ń dáná sun ún! Èmi náà rí i, n kò sì tètè sọ̀rọ̀.

N kò ní kí ẹ má sin adìyẹ o. Ẹyin ń tà, ọmọdé sì nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ àti àgùntàn ní kòkòrò àìfojúrí nínú àpòlúkù wọn, tí ń bá wọn da ohun tí ènìyàn kò lè jẹ: èèpo, háríhá, pòròpórò. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti wá oúnjẹ wọn. Pòròpórò tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi bo ilẹ̀. Bí ẹ bá sun ún, oúnjẹ ekòló ti bá èéfín lọ.

Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ibi mímọ́, kí ẹ sá a títí yóò fi máa ṣẹ́ péú. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fi kọ́ ẹran, kí ẹ sì fi ewé ẹ̀wà tàbí àgúnmánìyẹ̀ kún un, nítorí èèpo nìkan kò lè mú ẹran dàgbà. Àwọn olùṣèwádìí ILRI ní Ìbàdàn ti fi hàn pé bí a bá rin èèpo tútù, tí a fún omi rẹ̀, tí a sì sá a, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 3 á di tọ́ọ̀nù 1 oúnjẹ ẹran, adìyẹ pàápàá sì lè jẹ nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ti ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó wà nílẹ̀. Kí ẹ bi òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń bẹ̀ yín wò nípa ìwọ̀n tó yẹ fún ọ̀wọ́ ẹran yín.