Ẹ Káàbọ̀ sí Belmont Abbey: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Òbí Tí Ó Mú Ọmọ Wá Wo Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nítorí náà ni a ṣe kọ ìwé kékeré yìí fún ẹ̀yin òbí ọmọ Yorùbá tí ẹ wá wo Kọ́lẹ́ẹ̀jì Belmont Abbey, ilé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì tí kò jìnnà sí ìlú Charlotte ní North Carolina, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀ má baà ṣe àjèjì sí yín.

Àwọn onílé

Ní ọdún 1876 ni àwọn mọ́ńkì (àwọn ọkùnrin tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ ìgbé ayé àdúrà) ti ẹgbẹ́ Bẹ́nẹ́díìkì Mímọ́ láti Pennsylvania wá tẹ ibẹ̀ dó, lórí oko tí àlùfáà kan, Jeremiah O'Connell, fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ìlànà tí Bẹ́nẹ́díìkì kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà ni wọ́n ń tẹ̀ lé, orí 53 rẹ̀ sì pàṣẹ pé gbogbo àlejò tí ó bá dé ni kí a gbà bí ẹni pé Kristi fúnra rẹ̀ ni ó dé, pàápàá jù lọ òtòṣì àti arìnrìn-àjò; orí 66 ní kí àgbàlagbà ọlọ́gbọ́n máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn. Bí wọ́n bá yá mọ́ yín, kì í ṣe ojú ayé. Òfin ilé wọn ni.

Ohun tí ẹ ó rí

Ẹ ó rí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí a yà sọ́tọ̀ fún Màríà, Olùrànlọ́wọ́ àwọn Kristẹni, tí Póòpù gbé ga sí ipò ọlá tí à ń pè ní bàsílíkà ní 1998. Ṣùgbọ́n òkúta kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí ọmọ aláwọ̀ dúdú kánjú kọjá: gẹ́gẹ́ bí ìtàn ilé náà ti wí, nígbà tí ilẹ̀ yìí ṣì jẹ́ oko olówó ẹrú, orí òkúta yìí ni wọ́n ń mú ènìyàn dúró sí tí wọ́n fi ń ná an lójà. Nígbà tí ó yá, àwọn mọ́ńkì gbẹ́ ihò sí i, wọ́n sọ ọ́ di àwo omi ìrìbọmi, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ sí i lára kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé ohun tí a fi í ṣe rí. Ẹ béèrè ibi tí ó wà.

Ìwà nínú ilé ìsìn

Ẹnikẹ́ni ni ó lè wá sí Mísà, ì báà ṣe Mùsùlùmí tàbí ọmọ ìjọ mìíràn. Àwọn Kátólíìkì tí ó ti múra sílẹ̀ nìkan ni ó ń gba Ara Olúwa. Ẹni tí kì í bá ṣe ọ̀kan nínú wọn lè jókòó sí àyè rẹ̀. Kí ọkùnrin ṣí fìlà, kí a pa fóònù, kí a má sì wọ inú ibùgbé àwọn mọ́ńkì láìjẹ́ pé wọ́n pè wá.

Ọ̀rọ̀ tí ó kan òbí

Ilé làá wò kí a tó sọmọ lórúkọ: ẹ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò dúró lórí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ nìkan, nítorí ẹni tí ó wá kọ́ ìṣirò owó yóò ka ìtàn, ìmọ̀ ọgbọ́n orí àti ìmọ̀ nípa Ọlọ́run pẹ̀lú. Ẹ béèrè iye owó ilé ẹ̀kọ́ àti ìrànwọ́ owó tí ọmọ lè rí gbà, kí ẹ sì gba èsì náà ní kíkọ sílẹ̀.

Ẹ má bínú bí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì bá kọjú sí ọmọ ṣáájú yín. Wọn kò fi àgbà wọ́lẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ti 1974 ni ó fi àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ sí ìkáwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ bí ó bá ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè, nítorí òun ni yóò rin ọ̀nà náà.