Òótọ́ àti Irọ́ Nípa Bíbélì Tó Wà Lọ́wọ́ Ẹ̀gbá

Bí ìlú kan bá wà ní ilẹ̀ Yorùbá tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ Kírísítẹ́nì, Abẹ́òkúta ni. Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ tó wà ní Aké ni àwọn èèyàn ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Níbí ni Ìwé Ìròhìn ti jáde lọ́dún 1859, tí Ẹ̀gbá ń ka ìròyìn ní èdè abínibí wọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú kò tíì rí ìwé títẹ̀ rí. Ọmọ Ẹ̀gbá kan, Thomas King, wà lára àwọn tó bá Samuel Àjàyí Crowther ṣiṣẹ́ lórí Bíbélì Yorùbá. Síbẹ̀, irọ́ tí à ń pa mọ́ Bíbélì yìí pọ̀ láàrin wa. Lórí àga ìwàásù là ń pa á, nínú ọjà là ń pa á, à ń pa á fún àwọn ọmọ wa nílé, a ò sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Mo fẹ́ mú díẹ̀ jáde nínú wọn. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn lè gbé Bíbélì dání láìṣe ohun tó wí.

Irọ́: Òyìnbó ló gbé ìgbàgbọ́ wá bá Ẹ̀gbá.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọmọ Ẹ̀gbá tó ti joró oko ẹrú ló gbé e wálé. Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun tú ká dé abẹ́ Òkúta Olúmọ, tí Ṣódẹkẹ́ sì jẹ́ aṣáájú wọn. Kó tó di ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ni wọ́n ti kó lẹ́rú, tí wọ́n ti tà sí etí òkun. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn kan sílẹ̀ lójú agbami, ó sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ìwé, tí wọ́n kọ́ṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n sì gba Jésù. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 1840 pé, àwọn kan nínú wọn dáwó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n wọ̀ ọ́ wá sí ìhà ilé. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ láti fi kó ẹrú lọ ló kó wọn bọ̀. Àwọn wọ̀nyí ló ránṣẹ́ pé kí àwọn oníwàásù tẹ̀ lé wọn wá.

Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta, ní oṣù Kejìlá ọdún 1842. Adúláwọ̀ ni bàbá tó bí i. Henry Townsend ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS dé ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Townsend ò pẹ́ tó fi padà sẹ́yìn. Ẹni tó fi sílẹ̀ ni Andrew Wilhelm, ọmọ Ẹ̀gbá tó bá a ti Sàró wá. Títí Townsend àti Crowther fi wọlé lọ́dún 1846, àwọn ará Sàró yìí ló ń pe ara wọn jọ, tí wọ́n ń kàwé, tí wọ́n ń gbàdúrà, láìsí àlùfáà òyìnbó kankan tó fìdí kalẹ̀ láàrin wọn.

Ẹrú ni wọ́n mú Crowther fúnra rẹ̀ ní Òṣogùn lọ́dún 1821, nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1846, ìyá rẹ̀, Afala, wá a wá sí Abẹ́òkúta. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fojú kan ara wọn gbẹ̀yìn. Wọ́n di mọ́ra, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu wọn, omi sì ń dà lójú ìyá arúgbó náà. Mi ò mọ ìwàásù tó lè ju ìyẹn lọ. Síbẹ̀, wọn ò torí pé ìyá àlùfáà ni kí wọ́n sáré ṣe ìrìbọmi fún un. Ọdún 1848 ni ó ṣe ìrìbọmi, lẹ́yìn tó ti kọ́ ẹ̀kọ́. Wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì.

Ìdí tí irọ́ yìí fi ń bí mi nínú ni pé àwọn tó ń pa á máa ń rí nǹkan fi í ṣe. Bí Bíbélì bá ti di ìwé òyìnbó, ohun tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn nínú rẹ̀ á di àṣà òyìnbó: aya kan, sísọ òtítọ́ níwájú adájọ́, dídárí ji ẹni tó ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n nà ní Ìgbórè ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1849, tí wọ́n kan àbà mọ́ ẹsẹ̀ wọn nítorí pé wọn ò bá wọn bọ òrìṣà mọ́, ọmọ ìlú ni wọ́n. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, ìjà ọ̀rọ̀ òṣèlú láàrin àwọn aláṣẹ Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà l'Ékòó di Ìfọ́lé. Wọ́n lé àwọn àlùfáà òyìnbó lọ, wọ́n kó ẹrù ilé Ọlọ́run, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, Ìwé Ìròhìn sì parí síbẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ kan sá lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Àwọn tó dúró ń bá ìsìn lọ lábẹ́ àwọn àlùfáà àti olùkọ́ adúláwọ̀. Ẹ̀sìn àlejò ì bá ti bá àlejò lọ lọ́jọ́ náà.

Irọ́: Bíbélì ló ní, ran ara rẹ lọ́wọ́, Ọlọ́run yóò ràn ọ́ lọ́wọ́.

Kò sí níbì kankan nínú Bíbélì. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Benjamin Franklin ti Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kàlẹ́ńdà rẹ̀ lọ́dún 1736, ó sì tàn kálẹ̀. Ohun tí Rómù 5:6 sọ yàtọ̀ pátápátá: ìgbà tí a kò ní agbára kankan ni Kírísítì kú fún wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ibi tí Mátíù ti sọ pé amòye mẹ́ta ló wá kí Jésù. Ẹ̀bùn mẹ́ta ló dárúkọ, kò ka àwọn tó gbé e wá. Èyí ò pa ẹnikẹ́ni lára, torí náà ẹ jẹ́ ká kọjá sí èyí tó ń pani lára.

Irọ́: Owó ni gbòǹgbò ibi gbogbo.

Pọ́ọ̀lù ò bá owó jà. Nínú Tímótì kìíní 6:10, ìfẹ́ owó ló dárúkọ. Bí a bá dá owó lẹ́bi, gbogbo wa la mọ́, torí owó kì í ṣe èèyàn. Bí a bá ka ẹsẹ náà bó ṣe wà, ó di ọ̀rọ̀ ọkàn, kò sì sẹ́ni tó lè yọ ara rẹ̀.

Ẹ wá sí ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, níbi tí aṣọ àdìrẹ ti tò lọ láti ẹnu ọ̀nà dé inú. Gbogbo wa la mọ̀ pé aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun, tí wọ́n ya iṣẹ́ àdìrẹ sí lára, ti wọ inú ọjà náà, tó sì dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó. Àlejò tó ti Ìbàdàn tàbí Lọndọnu wá ò lè dá wọn mọ̀. Kò mọ̀ pé bí wọ́n bá yí ẹlẹ́kọ, ìyẹn àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya iṣẹ́ sí lára, padà, aró á ti mu ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, torí iwájú nìkan ni wọ́n ya ẹ̀kọ sí. Àlejò náà á gbé aṣọ kan sókè, á ní, "Màmá, ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe èyí?" Ìgbà yẹn ni ìsìn Sunday ẹni á jẹ́rìí gbeni tàbí kó jẹ́rìí lòdì síni. Oníṣòwò tó bá dáhùn pé, "Rárá o, ọmọ mi, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Bí ẹlẹ́kọ lo fẹ́, òun rèé, àmọ́ owó rẹ̀ ju ti èyí lọ," ti ṣe ohun tí Lẹ́fítíkù 19:35 àti 36 ń bèèrè. Ọ̀pá ìwọnṣọ àti òṣùwọ̀n ni ibẹ̀ ń sọ, nínú orí kan náà tó ti sọ pé ká fẹ́ ọmọnìkejì wa. Ọlọ́run ò rí ìyàtọ̀ láàrin méjèèjì. Àwa la ya ìfẹ́ sọ́tọ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì, tí a fi ọ̀pá ìwọnṣọ sílẹ̀ fún ọjà.

Irọ́: Jeremáyà 29:11 ń sọ pé ọ̀rọ̀ mi á yanjú láìpẹ́.

Ẹsẹ yìí wà lẹ́yìn ọkọ̀ akérò láti Pánṣẹ́kẹ́ títí dé Kútọ̀. Ó wà lórí kàlẹ́ńdà, ó wà lórí aṣọ ẹgbẹ́. Ìlérí rere ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ni orí náà, a sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Àwọn tí Nebukadinésárì kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì ni Jeremáyà kọ̀wé sí láti Jerúsálẹ́mù. Nínú orí tó ṣáájú rẹ̀, wòlíì kan tó ń jẹ́ Hananáyà ti dìde láàrin èrò, ó ní ọdún méjì péré ni, gbogbo rẹ̀ á ti parí. Ọ̀rọ̀ náà dùn. Irọ́ ni. Lẹ́tà Jeremáyà ní àádọ́rin ọdún ni. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó gba lẹ́tà náà yóò kú sí Bábílónì.

Kí ni kí wọ́n máa ṣe títí dìgbà náà? Ẹsẹ 5 sí 7 sọ ọ́: kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n gbéyàwó, kí wọ́n bímọ, kí wọ́n máa wá ire ìlú tí wọ́n kó wọn lẹ́rú lọ, kí wọ́n máa gbàdúrà fún un. Ẹsẹ 11 ń bẹ lẹ́yìn iṣẹ́ yìí. Ẹni tó fẹ́ ẹsẹ 11 láìfẹ́ ẹsẹ 5, Hananáyà ló ń wá, Hananáyà ò sì wọ́n lónìí. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó wà ní Freetown ò mọ̀ bóyá wọ́n á tún rí ilé mọ́. Wọ́n kọ́lé síbẹ̀ náà, wọ́n bímọ, wọ́n rán àwọn ọmọ níléèwé. Bí ọ̀nà ṣe là, wọ́n ti ní ohun tí wọn yóò mú bọ̀.

Irọ́: Ìwé Mímọ́ ní agbára lára, kéèyàn ṣáà ti ní in.

Bíbélì abẹ́ ìrọ̀rí ọmọ ìkókó, Sáàmù 35 sínú omi láàárín òru, Sáàmù 109 ní ìgbà méje sí orúkọ aládùúgbò. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó ń ka Sáàmù. Mo ń kà á lójoojúmọ́. Àmọ́ ońdè là ń fi ṣe báyìí. Ẹni tó kọ Sáàmù 109 gbé ẹjọ́ rẹ̀ síwájú Ọlọ́run, ó sì fi ìdájọ́ lé E lọ́wọ́. Kò sí ibi tó ti ní kí a fi pa ìyá ọkọ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ohun tí Jésù wí nípa ọ̀tá, kó ka Mátíù 5:44. Kó sì ka Rómù 12:20, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kí a bọ́ ọ̀tá tí ebi ń pa. Mo ti dé ìpàdé àdúrà tí a ti lo wákàtí mẹ́ta lórí ikú ọ̀tá, tí ẹnì kankan ò dárúkọ ẹsẹ méjèèjì yìí.

Irọ́ kan wà tó fara pẹ́ ẹ, pé a ò gbọ́dọ̀ bi pásítọ̀ léèrè ohunkóhun torí pé ẹni àmì òróró ni. Sáàmù 105 ni wọ́n ń fà yọ, Ábúráhámù àti Ísáákì àti Jékọ́bù nígbà tí wọ́n jẹ́ àlejò ní ilẹ̀ onílẹ̀ ló sì ń sọ. Nátánì bá Dáfídì wí lójúkojú. Gálátíà 2:11 sí 14 sì sọ bí Pọ́ọ̀lù ṣe ta ko Pétérù níwájú gbogbo èèyàn.

Irọ́: Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ò kan bí mo ṣe ń ṣètò ilé mi.

Lọ́dún 1877, James Johnson, tí àwọn èèyàn ń pè ní Holy Johnson, dé Abẹ́òkúta láti bójú tó àwọn ìjọ CMS. Sàró ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Ó rí i pé àwọn ọmọ ìjọ ní ẹrú nílé, àwọn kan lára òṣìṣẹ́ ìjọ pàápàá sì wà nínú wọn. Ẹ rò ó wò: ìjọ tí ẹrú tó gba òmìnira dá sílẹ̀! Johnson ní kí wọ́n tú àwọn ẹrú náà sílẹ̀. Inú bí àwọn oníṣòwò ńlá inú ìjọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Wọ́n ní kí ló kan àlùfáà, ta ni yóò roko, ta ni yóò ru ẹrù. Lọ́dún 1880, wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tó bá a jà ò sẹ́ Jésù. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń dáwó, wọ́n ń gba Ara Olúwa. Ibi tí Bíbélì ti wọ ìyẹ̀wù wọn ni wọ́n ti ní kó dúró. Ó sì yẹ ká bi ara wa nípa ọmọ ọ̀dọ̀ tó wà nílé wa lónìí, ọmọ ọdún mọ́kànlá tí a mú wá láti abúlé, tó ń gbálẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ wa ń lọ síléèwé, tó ń ṣọ́ ilé nígbà tí a bá lọ sí ìsìn àárọ̀ Sunday. Ó yẹ ká bi ara wa nípa bíríkìlà tí à ń sọ fún pé kó padà wá lọ́la, tí owó sì wà lápò wa. Jákọ́bù 5:4 ní igbe àwọn tí a dá owó ọ̀yà wọn dúró ti dé etí Ọlọ́run. Kólósè 4:1 bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ ní tààrà.

Ẹ̀yin ará mi ní Ẹ̀gbá, mo bẹ̀ yín, ẹ san owó bíríkìlà náà kí ilẹ̀ òní tó ṣú, kí ẹ sì fi orúkọ ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn sílẹ̀ níléèwé bí sáà tuntun bá ti wọlé.