Jogbo: Òdòdó Ọgbà Tó Di Èpò Ẹ̀bá Ọ̀nà

Láti oṣù Ọ̀wàrà títí dé Ọ̀pẹ, bí ọ̀sán bá ti ń kúrú, jogbo á tanná pupa rúsúrúsú lẹ́bàá títì. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ lásìkò náà kò ní í béèrè èwo ni. Ó máa ń ga ju èèyàn lọ, ewé rẹ̀ yà bí ìka mẹ́ta sí márùn-ún, ó sì korò gan-an. Kò yani lẹ́nu, ẹbí kan náà ni òun àti ewúro.

Mẹ́síkò àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni ìlú rẹ̀. Ẹwà òdòdó rẹ̀ ni wọ́n rí tí wọ́n fi gbé e wá gbìn síwájú ilé ní Áfíríkà àti Éṣíà. Kò dúró nínú ọgbà. Èso rẹ̀ pọ̀, ó fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ lọ, àgbàrá ń wọ́ ọ. Kódà igi rẹ̀ tí a gé sórí ilẹ̀ tútù lè hu padà. Ní Thailand, àwọn èèyàn ń rọ́ lọ sí òkè Mae Hong Son ní oṣù Bélú kí wọ́n lè wò ó. Ní South Africa, òfin ti kà á mọ́ èpò tó gbọ́dọ̀ jẹ́ dídá dúró. Ti South Africa ni mo fara mọ́.

Síbẹ̀, ajílẹ̀ gidi ni. Nínú ìwọ̀n 100 ewé rẹ̀ tó gbẹ, nǹkan bí 3.5 jẹ́ nitrogen, nǹkan bí 4 sì jẹ́ potassium. Àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà, tí wọ́n ń fi í ṣọgbà yí oko ká, máa ń gé ewé rẹ̀ bọ ilẹ̀ àgbàdo. Ó máa ń tètè jẹrà. Wàhálà rẹ̀ kò ju rírù lọ: omi ló pọ̀ jù nínú ewé tútù, nítorí náà oko tó wà nítòsí ló yẹ fún.

Wọ́n ń fi ewé náà ṣe àgbo ibà pẹ̀lú. Ìwádìí lára eku ti fi hàn pé àpọ̀jù rẹ̀ ń pa kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ lára, torí náà kí ẹnikẹ́ni má mu ún bí omi.

Ẹ má gbìn ín síwájú ilé mọ́. Èyí tó bá ti wà lẹ́bàá oko yín, ẹ gé e ní oṣù Ògún, kó tó tanná, kí ẹ sì rò ó mọ́ ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbin àgbàdo ìgbà kejì sí.